Ojú Ọ̀run Tó Ẹyẹ́ Fò? Ọ̀rọ̀ Láàrin Àwọn Awabàálù Nítòsí Pápákọ̀ Òfuurufú àti Ìtàn Ìjàǹbá Ejìnrìn, 1996

1. Ìfáàrà

Òwe Yorùbá kan sọ pé ojú ọ̀run tó ẹyẹ́ fò láìfara kan ara. Nígbà tí àwọn àgbà bá fẹ́ parí ìjà láàrin oníṣòwò méjì tí wọ́n jọ ń ta ọjà kan náà, tàbí láàrin ọmọ ìyá méjì tí ọ̀kan ń jowú ọlá èkejì, òwe yìí ni wọ́n sábà máa ń fà yọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ṣòro: àyè pọ̀, kò sì sí ìdí tí ẹnìkan fi gbọdọ̀ forí gbá ẹlòmíràn. Àpilẹ̀kọ yìí gbé òwe náà sórí ìwọ̀n ní ibi tí àwọn tí ó kọ́kọ́ pa á kò lè ronú kàn, èyíinì ni ojú ọ̀run tí ó wà nítòsí pápákọ̀ òfuurufú, níbi tí bàálù tí ó ń bọ̀ àti bàálù tí ó ń lọ ti ń pàdé.

Kókó tí àpilẹ̀kọ náà fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé kì í ṣe bí àyè ti pọ̀ tó ni ó ń yọ bàálù kan kúrò lọ́nà èkejì, bí kò ṣe ọ̀rọ̀ tí ó ń lọ láàrin àwọn tí ń wà wọ́n àti àwọn tí ń darí wọn. Ọ̀rọ̀ náà kò sì dàgbà lójọ́ kan. Ikú ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó kọ́ ayé bí wọn ó ti máa sọ ọ́, bí wọn ó ti máa gbọ́ ọ, àti bí wọn ó ti máa mọ ìgbà tí agbára rẹ̀ bá ti tán. Nínú ìtàn yìí, ilẹ̀ Yorùbá ní ìpín tirẹ̀, ìpín náà sì korò: ìjàǹbá tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ejìnrìn, nítòsí Ẹ̀pẹ́, ní 7 Oṣù Kọkànlá, 1996.

2. Oríta ilẹ̀ àti oríta òfuurufú

Ìjọba Ìbílẹ̀ Odigbó ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Ọ̀rẹ̀, kì í ṣe ibi tí ènìyàn yóò kọ́kọ́ lọ bí ó bá ń wá ìtàn bàálù. Ṣùgbọ́n kò sí àdúgbò kankan ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà tí ó mọ ìwà oríta ju bí Ọ̀rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n lọ. Ọ̀nà tí ó ti Èkó àti Ìjẹ̀bú-Òde wá, èyí tí ó ti Bìní wá, èyí tí ó ti Oǹdó sọ̀kalẹ̀, àti èyí tí ó ti Òkìtìpupa gòkè, níbẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń pàdé. Nítorí èyí ni ó fi jẹ́ pé ní Oṣù Kẹjọ, 1967, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Biafra ti gba Bìní tí wọ́n sì dorí kọ Èkó, Ọ̀rẹ̀ ni wọ́n ti kojú àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀, ibẹ̀ náà ni ìrìn wọn sì parí sí. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti ń sọ pé, “Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀.” Ẹni tí ó bá di oríta mú, ó ti di gbogbo ọ̀nà mú.

Oríta kan náà ni pápákọ̀ òfuurufú jẹ́ ní ojú ọ̀run. Nígbà tí bàálù bá wà lókè réré láàrin ìlú méjì, òwe ẹyẹ ṣì ń ṣiṣẹ́. Àyè pọ̀, òfin sì ti pín àyè náà. Bàálù tí ó bá kọjú sí ìhà ìlà-oòrùn yóò máa fò ní gíga tí iye ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba, bíi 23,000 tàbí 25,000. Èyí tí ó bá kọjú sí ìhà ìwọ̀-oòrùn yóò máa fò ní èyí tí ó ṣeé pín, bíi 22,000 tàbí 24,000. Báyìí ni ẹni tí ó ń ti Èkó lọ sí Enugu àti ẹni tí ó ń ti Port Harcourt bọ̀ wá sí Èkó yóò ṣe kọjá lára wọn, tí ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ bàtà kan yóò sì wà láàrin wọn, yálà wọ́n rí ara wọn tàbí wọn kò rí ara wọn.

Nítòsí pápákọ̀, ìpín yìí kò lè dúró. Ẹni tí ó ń bọ̀ gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀, ẹni tí ó ń lọ gbọ́dọ̀ gòkè, olúkúlùkù yóò sì la gíga ẹlòmíràn kọjá. Bàálù tí ó ti ibi mẹ́wàá wá yóò fẹ́ bà sórí ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo. Eré wọn kò sì kéré. Òfin tí ó wọ́pọ̀ jùlọ ní ayé ni pé kí bàálù má ṣe sáré ju kìlómítà 460 ní wákàtí kan lọ bí ó bá ti wà nísàlẹ̀ 10,000 ẹsẹ̀ bàtà. Bí méjì bá dojú kọ ara wọn ní irú eré bẹ́ẹ̀, kìlómítà 15 tí ó wà láàrin wọn yóò tán ní ìṣẹ́jú kan. Ní oríta Ọ̀rẹ̀, awakọ̀ lè tẹ ìjánu, kí ó tan iná, kí ó fun fèrè ọkọ̀, kí ó sì yọ orí jáde ní fèrèsé kí ó bá ẹnìkejì wí. Ní ojú ọ̀run, kò sí ìjánu tí yóò dá bàálù dúró. Ọ̀rọ̀ nìkan ni ó kù.

3. Bí ohùn ṣe dé ojú ọ̀run

Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sí ohùn kankan. Ojú ni àwọn awabàálù gbẹ́kẹ̀ lé. Ní 7 Oṣù Kẹrin, 1922, bàálù akérò méjì forí sọ ara wọn nínú kùrukùru ní àríwá ilẹ̀ Faransé. Ọ̀kan ń ti Croydon ní Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Paris, èkejì ń ti Paris bọ̀. Ènìyàn 7 ni ó kú. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ná ọ̀nà náà fi ẹnu kò pé kí olúkúlùkù máa gba apá ọ̀tún, kí rédíò sì wà nínú bàálù. Títí di òní, bí bàálù méjì bá dojú kọ ara wọn, òfin ni pé kí àwọn méjèèjì yà sí ọ̀tún.

Croydon kan náà ni wọ́n ti kọ́ ilé-ìṣọ́ àkọ́kọ́ tí a mọ̀ fún dídarí bàálù, ní 1920. Ibẹ̀ ni òṣìṣẹ́ rédíò kan, Frederick Mockford, ti ronú kan ọ̀rọ̀ tí ẹni tí ó bá wà nínú ewu yóò fi ké ní 1923. Nítorí pé láàrin Croydon àti Paris ni ọ̀pọ̀ bàálù ìgbà náà ń rìn, ó mú ohùn èdè Faransé tí ó túmọ̀ sí “ẹ gbà mí”, ó sì sọ ọ́ di “Mayday”. Èyí fi hàn pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ìṣòro èdè ti wà nínú ọ̀ràn yìí: ẹni méjì tí èdè wọn kò pọ̀ mọ́ ara wọn gbọ́dọ̀ gbọ́ ara wọn yé láàrin ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀.

Ní 7 Oṣù Kejìlá, 1944, àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní Chicago, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí ó bí Àjọ Ọkọ̀ Òfuurufú Àgbáyé, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí ICAO. Àjọ yìí ni ó ń ṣe òfin bí wọn ó ti máa sọ̀rọ̀. Láti 1 Oṣù Kẹta, 1956 ni orúkọ tí wọ́n ń fi pe álífábẹ́ẹ̀tì lórí rédíò, láti Alfa, Bravo, Charlie títí dé Zulu, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ káàkiri ayé. Ní ti Nàìjíríà, bàálù Imperial Airways ti ń ná Kánò àti Èkó láti 1936; ní 1946 ni àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́rin tí ó wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà dá ilé-iṣẹ́ West African Airways Corporation sílẹ̀; ní 1958 ni Nigeria Airways sì rọ́pò rẹ̀ ní ilẹ̀ yìí. Lẹ́yìn òmìnira ní 1960, Nàìjíríà wọ inú ICAO. Báyìí ni ojú ọ̀run tí ó bo ilẹ̀ Yorùbá ṣe bọ́ sábẹ́ òfin ọ̀rọ̀ kan náà pẹ̀lú ti Lọ́ńdọ̀nù àti ti Chicago.

4. Ìlànà ọ̀rọ̀ náà

Ẹni tí ó bá gbọ́ àwọn awabàálù lórí rédíò fún ìgbà àkọ́kọ́ lè rò pé wọn kò mọ̀ ju gbólóhùn díẹ̀ lọ. Òtítọ́ ni, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ Yorùbá kò ní jìnnà kí ó tó rí ohun tí yóò fi wé e. Ìlù dùndún kò lè pe kọ́ńsónáǹtì tàbí fáwẹ̀lì. Ohùn ọ̀rọ̀ nìkan ni ó ń gbé jáde. Lójú ìlù, “ilé” àti “ọkọ́” kò yàtọ̀. Nítorí náà ni onílù kì í fi í lu ọ̀rọ̀ ẹyọ kan. Gbólóhùn gígùn tí ó ti di mọ́nbé, oríkì tàbí òwe tí gbogbo ènìyàn mọ̀, ni ó ń lù, kí etí tí ó ń gbọ́ má baà ṣìnà. Rédíò bàálù náà ní àbùkù tirẹ̀: ariwo ẹ́ńjìnnì àti ti ìgbì máa ń jẹ kọ́ńsónáǹtì run. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, “five” àti “nine” fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba létí, nítorí náà ni wọ́n fi sọ èkejì di “niner”. B, D, P àti T kò ṣeé yà sọ́tọ̀, nítorí náà ni wọ́n fi di Bravo, Delta, Papa àti Tango. Ọgbọ́n onílù ni ọgbọ́n yìí.

Lẹ́yìn èyí ni òfin dídá ọ̀rọ̀ padà. Bí olùdarí bá sọ fún awabàálù pé kí ó sọ̀kalẹ̀ dé gíga kan, kò tó kí awabàálù dáhùn pé òun ti gbọ́. Ó gbọ́dọ̀ tún iye náà pè, kí ó sì fi orúkọ bàálù rẹ̀ parí rẹ̀. Olùdarí pẹ̀lú gbọ́dọ̀ fetí sí ohun tí ó dá padà náà, kí ó sì tún un ṣe bí ó bá yí i. Ọ̀rọ̀ tí wọn kò dá padà kò tíì di àdéhùn. Àǹfààní kejì wà níbẹ̀: gbogbo bàálù tí ó wà ní agbègbè náà ni ó ń gbọ́ ìgbì kan náà. Ẹni tí wọn kò bá wí pàápàá ń gbọ́ ibi tí àwọn yòókù wà, ó sì ń ya àwòrán wọn sínú ọpọlọ ara rẹ̀. Ìgbì kan náà yìí ní àléébù kan. Ẹnìkan ṣoṣo ni ó lè sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹni méjì bá tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan náà, igbe gooro ni àwọn yòókù yóò gbọ́ dípò ọ̀rọ̀.

Bí rédíò bá kú ńkọ́? Àrokò gba ipò rẹ̀. Nínú bàálù ni ẹ̀rọ kan wà tí ń fi nọ́ńbà mẹ́rin dá rádà lóhùn. Bí awabàálù bá fi 7600 sí i, olùdarí mọ̀ pé ẹni yìí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Láti ilé-ìṣọ́, wọn yóò tan iná aláwọ̀ ewé sí i tí kò ṣẹ́jú, ìyẹn ni pé kí ó máa bà bọ̀. Bí ó bá jẹ́ pupa tí kò ṣẹ́jú, kí ó yẹra fún ẹlòmíràn kí ó sì máa yí po. Gẹ́gẹ́ bí àrokò àwọn baba ńlá, agbára rẹ̀ kò sí nínú ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́, bí kò ṣe nínú pé ẹni tí ó rán an àti ẹni tí ó gbà á jọ mọ ìtumọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

5. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ya ara rẹ̀ sí méjì

Ìjàǹbá méjì tí ó ṣẹlẹ̀ láàrin ọdún méjì fi hàn bí ọ̀rọ̀ kékeré ṣe ń pa ènìyàn púpọ̀. Ní 27 Oṣù Kẹta, 1977, ní erékùṣù Tenerife, Boeing 747 méjì gbá ara wọn lórí ilẹ̀ nínú kùrukùru. Ènìyàn 583 ni ó kú. Ọ̀gá awabàálù KLM ti bẹ̀rẹ̀ sí sáré láti gbéra láìgba àṣẹ. Igbákejì rẹ̀ sọ gbólóhùn kan lórí rédíò tí ó lè túmọ̀ sí pé wọ́n ti wà ní ipò àtigbéra, ó sì lè túmọ̀ sí pé wọ́n ti ń gbéra lọ. Olùdarí gbà á sí ìtumọ̀ kìíní. Nígbà tí ó sì ń sọ fún wọn pé kí wọ́n dúró, bàálù Pan American náà ń sọ̀rọ̀ lórí ìgbì kan náà pé àwọn ṣì wà lójú ọ̀nà. Ohùn méjèèjì lu ara wọn. Láti ìgbà náà, wọn kì í lo ọ̀rọ̀ ìgbéra mọ́ àfi bí wọ́n bá ń fún bàálù ní àṣẹ rẹ̀ gan-an tàbí bí wọ́n bá ń gba àṣẹ náà padà.

Ní 25 Oṣù Kẹsàn-án, 1978, ní San Diego ní Amẹ́ríkà, Boeing 727 tí ó ń bọ̀ wá bà gbá bàálù kékeré kan láti ẹ̀yìn. Ènìyàn 144 ni ó kú, àwọn kan nínú wọn sì jẹ́ ẹni tí ó wà nínú ilé wọn. Olùdarí ti kìlọ̀ fún àwọn awabàálù ńlá náà, wọ́n sì ti ní àwọn rí bàálù kékeré náà. Lẹ́yìn náà ni ó ṣókùnkùn sí wọn. Ohun tí wọ́n wí lórí rédíò ni pé àwọn rò pé ó ti kọjá. Ohun tí olùdarí gbọ́ ni pé ó ń kọjá. Ọmọ Yorùbá yóò rí i pé gbogbo ìyàtọ̀ náà kò ju “ti” àti “ń” lọ. Ẹni tí ó bá ní ó ń kọjá, ó ṣì ń rí i. Ẹni tí ó bá ní òun rò pé ó ti kọjá, ń méfò ni. Ìméfò náà ni ó gba ipò ẹ̀rí.

6. Ejìnrìn, 7 Oṣù Kọkànlá, 1996

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, 7 Oṣù Kọkànlá, 1996, Boeing 727 ilé-iṣẹ́ ADC, tí nọ́ńbà ìrìn rẹ̀ jẹ́ 086, ń ti Port Harcourt bọ̀ wá sí Pápákọ̀ Òfuurufú Murtala Muhammed ní Èkó. Ní àkókò kan náà, Boeing 727 mìíràn, ti ilé-iṣẹ́ Triax, ń ti Èkó gòkè lọ sí Enugu. Ọ̀kan ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ sí ìwọ̀-oòrùn, èkejì ń gòkè lọ sí ìlà-oòrùn. Abẹ́ ìdarí rádà Èkó ni àwọn méjèèjì wà. Àwọn bàálù náà kò kan ara wọn. Ti Triax bọ́ nínú ewu náà láìfarapa. Ṣùgbọ́n nígbà tí ti ADC ń yà kíákíá láti yẹra fún un, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, ó dojú dé, apá àwọn tí ń wà á kò sì ká a mọ́. Inú ọ̀sà ní Ejìnrìn ni ó já sí. Gbogbo ènìyàn 144 tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó kú. Ọ̀kan nínú wọn ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Claude Ake, onímọ̀ ètò òṣèlú tí òkìkí rẹ̀ kàn jákèjádò Áfíríkà.

Ìwádìí ìjọba sọ pé ohun tí ó fa ìjàǹbá náà ní pàtàkì ni pé olùdarí rádà kò ya àwọn bàálù méjèèjì sọ́tọ̀ bí ó ti yẹ, tí ọ̀nà wọn fi kọjá lórí ara wọn. Ó darí ti ADC kọjá ibi tí àlàfo tí ó tó ṣì wà láàrin wọn. Ó tún sọ pé awabàálù náà ṣi ipinnu ṣe: ó ń yà lọ kí ó lè kọjú sí 330, ìyẹn ìhà àríwá tí ó tẹ̀ díẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti sọ fún un, bẹ́ẹ̀ sì ni yíyà náà yóò mú un gba iwájú bàálù kejì. Ìgbà tí ó wá fẹ́ yẹra ni ó ṣe é lọ́nà tí ó ju agbára bàálù lọ.

Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti pín sí ọ̀nà méjì lórí ọ̀ràn yìí. Àwọn kan gbé gbogbo ẹ̀bi ru olùdarí, àwọn mìíràn gbé e ru awabàálù. Àpilẹ̀kọ yìí kò rí i pé ìjiyàn náà lè lọ síbi kankan bí wọn kò bá kọ́kọ́ wo ìwà ọ̀rọ̀ tí ó wà láàrin àwọn méjèèjì. Àṣẹ tí olùdarí ń pa fún awabàálù kì í ṣe òfin tí yóò wà títí. Ó ní ọjọ́ orí, ọjọ́ orí náà sì kéré. Ó dára ní ìṣẹ́jú tí wọ́n pa á, nítorí pé ó bá ibi tí àwọn bàálù wà nígbà náà mu. Bí bàálù bá ti rìn kìlómítà mẹ́wàá síwájú, àṣẹ kan náà lè di ikú. Ẹni tí ó pa á gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí yóò pa òmíràn. Ẹni tí ó gbà á gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí ìgbọràn kò ní í gba ẹ̀mí là mọ́. Ní Ejìnrìn, wọ́n pa àṣẹ, àṣẹ sì dé etí ẹni tí wọ́n pa á fún. Ó tilẹ̀ ń tẹ̀ lé e. Èyí ni ó yà á sọ́tọ̀ sí ti Tenerife àti ti San Diego. Níbẹ̀, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ni ó ya sí méjì. Níhìn-ín, ìtumọ̀ kò ṣòro, ṣùgbọ́n àkókò ọ̀rọ̀ náà ti kọjá.

Ó yẹ kí wọ́n tún kíyè sí ohun kan. Olùdarí rí àwọn méjèèjì lójú rádà, ṣùgbọ́n kò lè fi ọwọ́ kan ìdarí bàálù. Awabàálù di ìdarí mú, ṣùgbọ́n kò rí rádà. Olúkúlùkù ní ìdajì òye. Rédíò nìkan ni afárá tí ó so ìdajì méjèèjì pọ̀, bí ọ̀rọ̀ bá sì pẹ́ lórí afárá náà, òfo ni.

7. Lẹ́yìn Ejìnrìn: ẹ̀rọ tí ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀

Ọjọ́ 5 péré lẹ́yìn náà, ní 12 Oṣù Kọkànlá, 1996, Boeing 747 ilé-iṣẹ́ Saudia tí ó ti Delhi gbéra forí gbá Ilyushin Il-76 ilé-iṣẹ́ Kazakhstan tí ó ń bọ̀ wá bà níbẹ̀, lókè abúlé Charkhi Dadri ní Íńdíà. Ènìyàn 349 ni ó kú. Títí di òní, kò sí ìforígbárí ojú ọ̀run tí ó pa ènìyàn tó bẹ́ẹ̀. Bàálù Kazakhstan ti sọ̀kalẹ̀ kọjá 15,000 ẹsẹ̀ bàtà tí wọ́n pa láṣẹ fún un, àìgbédè sì wà lára ohun tí wọ́n kà sí ìdí rẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni àwọn tí ń bọ̀ àti àwọn tí ń lọ jọ ń gbà. Ẹni tí ó bá gbé ọjọ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn yóò rí i pé Ejìnrìn kì í ṣe ìtìjú ilẹ̀ kan ṣoṣo. Àìsàn oríta ni, ó sì wà ní gbogbo ibi tí ọ̀nà méjì bá ti ń lo ojú ihò kan.

Àtúnṣe tí ó tẹ̀ lé e jẹ́ oríṣi méjì. Èkíní ni ẹ̀rọ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ TCAS. Ẹ̀rọ yìí ń bi bàálù tí ó wà nítòsí léèrè ibi tí ó wà. Bí ó bá rí ewu, àwọn ẹ̀rọ méjèèjì yóò bá ara wọn ṣe àdéhùn, ọ̀kan yóò sọ fún awabàálù tirẹ̀ pé kí ó gòkè, èkejì yóò ní kí tirẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan fún àwọn bàálù ńlá láti òpin 1993, ṣùgbọ́n 1 Oṣù Kìíní, 2003 ni ICAO tó sọ ọ́ di dandan káàkiri ayé fún bàálù tí ó ń gbé ju èrò 30 lọ. Èkejì ni ti èdè: ní 2003 ni ICAO ṣe òfin pé awabàálù àti olùdarí tí ń ṣiṣẹ́ lórí ìrìn àárín orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ fi hàn pé àwọn gbọ́ èdè tí wọ́n ń lò dé ìwọ̀n kan, òfin náà bẹ̀rẹ̀ ní 2008.

Ẹnìkan lè wí pé bí ẹ̀rọ bá ti lè bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ènìyàn kò wúlò mọ́. Ìtàn kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní 1 Oṣù Keje, 2002, lókè Überlingen ní Jámánì, ẹ̀rọ sọ fún àwọn awabàálù Rọ́ṣíà pé kí wọ́n gòkè, olùdarí sì sọ fún wọn pé kí wọ́n sọ̀kalẹ̀. Wọ́n gbọ́ ti olùdarí. Bàálù DHL tí ó dojú kọ wọ́n gbọ́ ti ẹ̀rọ tirẹ̀, ó sì ń sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú. Ènìyàn 71 ni ó kú. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá sọ ọ́ kedere pé bí ohùn méjì bá ta kora, ti ẹ̀rọ ni kí awabàálù tẹ̀ lé. Ẹ̀rọ kò mú ìbéèrè nípa ọ̀rọ̀ kúrò. Ó fi ìbéèrè tuntun kún un, èyíinì ni pé ọ̀rọ̀ ta ni yóò lékè.

8. Níbi tí kò sí ẹni tí ń darí

Ó ku ibi tí kò sí olùdarí rárá, tàbí tí ohùn rẹ̀ kò dé. Ìgbì rédíò tí àwọn bàálù ń lò kì í tẹ̀ kọjá etí ayé, nítorí náà bí bàálù bá ti jìnnà jù, ìdákẹ́jẹ́ ni yóò bá. Ní ọ̀pọ̀ agbègbè Áfíríkà, àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù dá ọgbọ́n kan: gbogbo awabàálù ń kéde ara rẹ̀ lórí ìgbì 126.9. Yóò dárúkọ bàálù rẹ̀, gíga rẹ̀, ìhà tí ó kọjú sí, ibi tí ó wà àti ìgbà tí ó rò pé òun yóò dé ibi tí ó kàn. Kò bá ẹnìkan pàtó sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ tí ó sì rí i pé ọ̀nà wọn yóò pàdé ni yóò dáhùn. Níbi pápá kékeré tí kò ní ilé-ìṣọ́, ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe bí wọ́n bá ń yí po láti bà. Èyí kò jìnnà sí ìṣe àwọn ọdẹ nínú igbó kìjikìji Odigbó: ọdẹ tí ó bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ nínú òkùnkùn a kọ́kọ́ fọhùn tàbí kí ó súfèé, kí ó má baà yin ẹnìkejì rẹ̀ níbọn.

Nàìjíríà náà ti ṣe àtúnṣe. Òfin 1999 dá àjọ NAMA sílẹ̀ fún ìṣàkóso ojú ọ̀run. Ní 2003 ni ìjọba gbé iṣẹ́ rádà TRACON jáde. Nígbà tí yóò fi di 2010, wọ́n ti gbé rádà sí Èkó, Àbújá, Kánò, Port Harcourt àti àwọn ibòmíràn, Ìlọrin pẹ̀lú wà nínú wọn. Ní 25 Oṣù Kẹsàn-án, 2008 sì ni Áfíríkà gba òfin tuntun tí ó sọ àlàfo òkè 29,000 ẹsẹ̀ bàtà di ẹgbẹ̀rún kan dípò ẹgbẹ̀rún méjì, kí àyè lè pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n rádà ti wà ní Èkó ní ọjọ́ Ejìnrìn pẹ̀lú. Rádà ń ríran. Kò lè sọ̀rọ̀.

9. Ìgúnlẹ̀

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí ti gbé yẹ̀wò fi hàn pé òwe ẹyẹ jẹ́ òtítọ́ ní àárín ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ ní oríta. Níbi tí ọ̀nà bá ti pàdé, àyè kì í tó fúnra rẹ̀. Àwọn tí ń kọjá ni ó ń dá a sílẹ̀ fún ara wọn. Wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan dá a, ọ̀rọ̀ tí wọ́n dá padà, tí wọ́n sì ń sọ dọ̀tun bí ipò bá ti ń yí padà. Tenerife àti San Diego kọ́ ayé ní ti ìtumọ̀. Charkhi Dadri kọ́ ayé ní ti èdè. Überlingen kọ́ ayé ní ti ohùn tí yóò lékè. Ẹ̀kọ́ Ejìnrìn ni ti àkókò, ó sì yẹ kí wọ́n máa dárúkọ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn yòókù.

Àwọn òpìtàn ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà ti kọ púpọ̀ lórí ọ̀nà ẹsẹ̀, ọ̀nà omi, ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin àti ọ̀nà ọ̀dà. Ìjà Ọ̀rẹ̀ ti wọ inú òwe. Ọ̀nà òfuurufú kò tíì rí irú àkíyèsí bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé lójoojúmọ́ ni bàálù tí ń ná Èkó àti Bìní ń gba orí gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó kọjá. Àwọn 144 tí ó bá ìṣẹ̀lẹ̀ Ejìnrìn lọ jẹ́ ara ìtàn agbègbè yìí gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ó ṣubú ní oríta Ọ̀rẹ̀ ní 1967 ti jẹ́. Iṣẹ́ ṣì pọ̀ nílẹ̀ fún ẹni tí yóò kọ ìtàn náà, ní pàtàkì ní èdè àwọn tí ọ̀sà wọn gba òkú náà.